Ìgàn Aṣọ Olóǹtẹ̀ Dúdú

Kò sí ohun tí ìyá mi kò lè rán. Ó ti rán kóòtù agbẹjọ́rò, ó ti rán kọ́tínì gbogbo kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan, ó tiẹ̀ fìgbà kan rán ìbòrí fún ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò wa, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé aṣọ ọmọ jòjòló wá bá a, yóò wò ọ́ láti òkè délẹ̀, yóò ní, "Kọjá sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lódìkejì títì. Ọwọ́ tiẹ̀ náà dáa." Bó ti máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Òfin rẹ̀ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ rìn ná. Bí ọmọ bá ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó di oníbàárà nìyẹn, kódà bó jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló gbé kó tó fìdí jókòó.

Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ń dùn mí. Ọmọ télọ̀ ni mí, síbẹ̀ aṣọ tí ẹlòmíràn rán ni wọ́n fi tọ́ mi títí mo fi rìn. Nígbà tí mo bí ọmọ mi obìnrin, ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, Màmá ní bẹ́líìtì ẹ̀rọ òun ti já. Mo rí bẹ́líìtì náà lójú ara mi. Kò já. Mo gbé e sọ́kàn. Mo rò pé bóyá ìyá mi kò fẹ́ràn ọmọ ni, tàbí pé èmi àti ohun tó bá ti ara mi jáde ni kò fẹ́ràn.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ mi yìí náà lóyún. Nígbà tó pé oṣù méje, ó wá bá ìyá àgbà rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá àgbà, mi ò bèèrè nǹkan ńlá. Aṣọ kan ṣoṣo tí mo máa fi wé ọmọ mi lọ́jọ́ tí mo bá bí i ni. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó ti wá."

Màmá ní, "Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́."

Kò tíì tó wákàtí kan tí abẹ́rẹ́ yẹn kan náà ṣẹ́ etí ṣòkòtò mẹ́ta. Ọmọ mi wò mí, èmi náà wò ó. Ojú rẹ̀ ti fà ro. Ó ní kò burú, ó dìde, ó sì lọ.

Ìgbà yẹn ni inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kò pẹ́ kí inú tó bí mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Mo dúró síwájú ẹ̀rọ náà, mo ní, "Màámi, ẹ̀tàn yìí ti tó. Kí ni ọmọ tuntun ṣe yín?"

Màmá mú irin òòfà rẹ̀, èyí tó máa ń fi ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ fà á bọ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ṣa abẹ́rẹ́ títí kò fi ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe sí ọ fún ọ."

Kí n tó sọ ohun tó sọ, ẹ ní láti mọ irú ibi tó ti ṣiṣẹ́.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Màmá fi ránṣọ ní ọsibítù àgbègbè àtijọ́. Ọsibítù yẹn nìkan ni ìlú mẹ́rìnlá ń lò nígbà náà. Àwọn tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yàrá méjì onípáànù ni, dókítà kan, nọ́ọ̀sì méjì, àti bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ. Nígbà tí Màmá fi máa débẹ̀, ó ti di wọ́ọ̀dù mẹ́rin, yàrá iṣẹ́ abẹ, ilé ìgbẹ̀bí, àti fàráńdà gígùn kan tó so gbogbo wọn pọ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi pólíìṣì pupa dán ilẹ̀ fàráńdà yẹn, tí àlejò á máa rìn níbẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Agogo kan wà lẹ́nu géètì. Bí wọ́n bá lù ú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ará ilé aláìsàn wọlé. Bí wọ́n bá tún lù ú ní aago mẹ́fà, kí wọ́n jáde, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ aláṣẹ.

Ìparí fàráńdà ni yàrá àwọn aránṣọ wà. Ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà ló wà níbẹ̀, àti ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àlùmọ́gàjí, nítorí pé àlùmọ́gàjí rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ oúnjẹ ló ń jẹ. Kì í sọ̀rọ̀. Màmá ní bó bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá lóòjọ́, mẹ́jọ nínú rẹ̀ á jẹ́ "Ó dára." Màmá fúnra rẹ̀, Ìyá Ìṣẹ́tí ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ẹni tó lè ṣẹ́ etí aṣọ kó tọ́ tó tiẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn alágbàfọ̀ ọsibítù kò mọ̀wé, nítorí náà òwú ni wọ́n fi ń dá aṣọ mọ̀. Igun aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà òwú mẹ́ta: pupa fún yàrá iṣẹ́ abẹ, àwọ̀ ewé fún wọ́ọ̀dù ọkùnrin, òféèfèé fún wọ́ọ̀dù obìnrin, àwọ̀ aró fún ilé ìgbẹ̀bí. Òwú dúdú jẹ́ ti mọ́ṣúárì. Aṣọ olówùú dúdú kì í padà wá sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bí ìgàn aṣọ bá sì ti sítọ́ọ̀ jáde, tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ dúdú sí bébà ara rẹ̀, ti òkú nìyẹn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa ń yà fún un lọ́nà.

Ọ̀gá sítọ́ọ̀ ló ń lu òǹtẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́, torí bí o bá ti yọjú sí ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ báyìí, ohun tí wàá kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Má fọwọ́ kàn án!" Bó ṣe di Máfọwọ́kàn nìyẹn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan pé òjò wó afárá. Ọkọ̀ akẹ́rù kò lè wọ̀lú fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Aṣọ ilé ìgbẹ̀bí tán pátápátá, àwọn nọ́ọ̀sì wá ń fi àkísà bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wé ọmọ. Oyún mi wà nínú Màmá nígbà náà, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Nígbà tí ọkọ̀ wọlé, ní ọjọ́ kẹrin rẹ̀, ibà dá Bàbá Àlùmọ́gàjí dùbúlẹ̀ sílé. Máfọwọ́kàn náà ti bá ọkọ̀ padà lọ kó ẹrù tó ṣẹ́kù. Alágbàṣe kan ló gbé ìgàn aṣọ wá já síwájú Màmá, ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ fi rán aṣọ ọmọ kíákíá." Ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Màmá kò wo ara ìgàn náà. Ó tú u láti abẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aṣọ náà funfun, ó rọ̀, kò jọ èyí tó ń rí tẹ́lẹ̀, àmọ́ àsìkò ìṣòro ni, ta ni í yan aṣọ? Ọjọ́ méjì ló fi rán ogójì. Ó fi òwú aró lu igun gbogbo wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì wá kó o tijó tayọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ń ká àpò tó bo ìgàn náà, ó sì yí i dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Bébà wà lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ dúdú wà lára bébà.

"Mo jókòó sílẹ̀ bí mo ṣe jókòó yìí," ni Màmá wí fún mi. "Mo ní alágbàṣe yẹn ti gbé ìgàn òkú fún mi. Wọ́n sì ti fi aṣọ òkú wé ọmọ aráyé."

Ta ló máa sọ fún? Àwọn ọmọ ti wà nínú rẹ̀. Bó bá pariwo, kí ni àwọn ìyá ọmọ máa ṣe? Ó dúró de ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Àlùmọ́gàjí dé lọ́jọ́ kẹrin, ó wo àpò, ó wo bébà, ó ya bébà náà kúrò, ó kì í sápò. Ó ní, "Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìgàn yìí o." Ó rò ó díẹ̀, ó wá fi kún un pé, "Ó dára."

Màmá gbà pé ọ̀gá òun ti rí ẹ̀ṣẹ̀ òun, ó sì fẹ́ bo òun láṣìírí. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí egbòogi kíkorò, kò sì tú u jáde fún ọkọ, fún ọ̀rẹ́, tàbí fún èmi ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ti Màmá kò tilẹ̀ bá a dákẹ́. Ariwo ló ń pa nínú rẹ̀.

Fèrèsé yàrá aránṣọ dojú kọ ọ̀nà tó ti ilé ìgbẹ̀bí wá. Bí ẹni tó gbọ́mọ bá yà sí ọwọ́ ọ̀tún, géètì ni, ó ń lọ sílé nìyẹn. Bó bá yà sí òsì, mọ́ṣúárì ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí Màmá bá ń wa ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ kan ń bẹ lára aṣọ, èkejì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì kan gbé ọmọ yà sí òsì. Màmá fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ló bí mi. Ó rẹ̀ ẹ́, ó la ojú, ó rí i pé wọ́n ti wé mi sínú aṣọ funfun tó ní òwú aró nígun. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Kò lè pariwo. Ọjọ́ tó ń lọ sílé, ó jí aṣọ náà kó má baà kan ọmọ ẹlòmíràn mọ́, ó fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

"Nígbà tí gìrì gbé ọ ní ọmọ oṣù mẹ́ta," ó ní, "aṣọ yẹn ni mo rí. Gbogbo ibà tó bá ṣe ọ́, aṣọ yẹn ni. Mo bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé bó bá dá ọ sí, aṣọ ọmọ jòjòló kò ní ti ọwọ́ mi jáde mọ́ láyé. Ní ọsibítù pàápàá, ọ̀gá mi ni mo ń jẹ́ kó rán wọn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Ẹ wò mí bí mo ṣe tó. Ikú tí aṣọ yẹn rán sí mi, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ mú un wá, ó tú u nínú ọ̀rá mẹ́ta. Aṣọ kékeré, ó ti pọ́n díẹ̀, òwú aró ṣì mọ́lẹ̀ nígun rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti gbà á, ara mi sì ṣe gììrì. Èmi tí mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o. Mo fa ọwọ́ mi padà, ìyá mi sì rí mi. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wúwo lára mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn mi. Ìfẹ́ ló pọ̀ jù tó di ẹ̀rù. Mo pinnu pé n kò ní jẹ́ kí ẹ̀rù yẹn dé orí ọmọ ọmọ mi, mi ò tíì mọ ọ̀nà tí n óò gbé e gbà ni.

Ọ̀nà ọ̀hún ti ń kan ilẹ̀kùn wa tẹ́lẹ̀. Ó ti pé ogún ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọsibítù ńlá sí etí títì márosẹ̀, tí wọ́n sì ti ti èyí àtijọ́ pa. Àdán ló ń gbé wọ́ọ̀dù, koríko sì hù nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó yá, ìjọba tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n wọ́n fi yàrá aránṣọ sílẹ̀ láti fi kó ohun ìrántí ọsibítù sí. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní ìtàn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ọmọbìnrin onígíláàsì kan báyìí, ẹnu rẹ̀ dùn, kì í jẹ́ kéèyàn sọ pé rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá bẹ Màmá kó wá sọ ohun tó rántí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá ní orúnkún ń dun òun.

Mo ní a máa lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé Màmá gbà. Ó ní ìdí tirẹ̀.

"Aṣọ yìí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní. "Ibi tó ti wá ni kó padà sí. Ṣùgbọ́n ìwọ, pa ẹnu rẹ mọ́."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la lọ. Pólíìṣì pupa kò sí mọ́, sìmẹ́ńtì ló kù. Nínú ilé ìgbẹ̀bí, ọkùnrin kan jókòó ti fáìlì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Nínú wọ́ọ̀dù ọkùnrin, wọ́n kun ògiri, síbẹ̀ nọ́ńbà àwọn bẹ́ẹ̀dì ṣì ń hàn lábẹ́ ọ̀dà náà, láti oókan dé ẹẹ́rìnlélógún. Màmá ń fi ọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá. Nígbà tó dé fèrèsé yàrá aránṣọ, ó wo òsì kó tó wo ọ̀tún. Mo rí i.

Nǹkan bí èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú yàrá, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni gbogbo wọn, wọ́n jókòó yí tábìlì gígùn kan ká. Nọ́ọ̀sì àgbà tó fìgbà kan jẹ́ olórí ilé ìgbẹ̀bí wà níbẹ̀. Máfọwọ́kàn náà wà níbẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ ti ṣú, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń ríran. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé sórí tábìlì, agogo géètì o, abọ́ ìfọwọ́ o, òun ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ pa á. Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Ayé yí padà! Ta ló máa sọ fún Bàbá yìí pé kó má fọwọ́ kàn án?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ló jókòó sẹ́yìn mi, ó di báàgì rẹ̀ mú.

Olùkọ́ ní, "Bàbá, ẹ sọ ohun kan tẹ́ ẹ ṣe níbí tẹ́nì kankan ò mọ̀."

Máfọwọ́kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti pẹ́, wọn ò lè lé mi níṣẹ́ mọ́, àbí? Ó dáa. Olè pọ̀ níbí láyé ọjọ́un. Kì í ṣe olè ìta o, àwa-ara-wa ni. Bí aṣọ tó rọ̀ bá ti dé fáwọn ọmọ tuntun, kó tó dé ilé ìgbẹ̀bí, ó ti di búláòsì lára ìyàwó ẹnì kan. Mo ti ilẹ̀kùn, wọ́n jí i. Mo pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, wọ́n jí i. Lọ́dún tí afárá wó, ìgàn kan péré ló wọlé, aṣọ tó dáa jù tí mo tíì rí. Mo ní, kí ni olè kò ní fọwọ́ kàn? Ni mo bá lu òǹtẹ̀ mọ́ṣúárì sí i lára."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Òru mẹ́ta ló fi wà ní fàráńdà níta gbangba. Olè ń yà fún un! Bàbá Àlùmọ́gàjí nìkan ni mo sọ fún. Mo ní kó má jẹ́ kẹ́nì kankan sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí bí àṣírí bá tú, ọgbọ́n náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lò ó."

Báàgì já bọ́ lẹ́yìn mi.

Màmá ti dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dúró níwájú bàbá náà. "Ọ̀gá," ó ní, "ẹ tún un sọ."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ìyá Ìṣẹ́tí ni. Ọdún tí afárá wó. Ìgàn yẹn. Ẹ tún un sọ."

Bàbá tún un sọ, ó rọra sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, torí ó ti gbọ́ ohun tó wà nínú ohùn rẹ̀. Mo gbé báàgì fún Màmá, ó tú ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé aṣọ náà lé bàbá lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ rìn lórí aṣọ náà, ó dé igun, ó ka ìlà òwú mẹ́ta. Ó ní, "Òun nìyí. Aṣọ ọmọ ni, láti ibi tí wọ́n ti hun ún. Ti òkú le, ó máa ń ha èèyàn lọ́wọ́. Ìyá Ìṣẹ́tí, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Ọ̀gá mi ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́."

"Kò sọ ìdí rẹ̀ fún yín?"

"Ó ní, 'Ó dára.'"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá yíjú sí nọ́ọ̀sì àgbà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ wọn kí n tó gbọ́. "Ọmọ kan kú lóṣù yẹn. Mo rí i láti ojú fèrèsé."

Nọ́ọ̀sì àgbà ronú. Ó ní, "Mo rántí ẹ̀. Èmi ni mo gbé e. Kò pé oṣù ni, oṣù mẹ́fà lé díẹ̀ ni ìyá ẹ̀ bí i. Òwú la tẹ́ ẹ lé nínú àpótí, torí awọ ara ẹ̀ ò tíì gba aṣọ. Aṣọ kankan ò kàn án, arábìnrin mi. Tìrẹ ò kàn án."

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Mi ò rí ẹni tó mí báyẹn rí. Ó dà bí pé láti ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ti fa èémí yẹn sínú. Ó jókòó, ó sunkún, kò sì fi ọwọ́ bo ojú. Èmi náà sunkún, mo sì ń bínú pọ̀ mọ́ ọn, torí gbólóhùn kan ṣoṣo, gbólóhùn kan láti ẹnu ọkùnrin kan tó fẹ́ràn "Ó dára" ju ọ̀rọ̀ lọ, ì bá ti gba gbogbo wa lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bó ṣe bí mi lọ.

Máfọwọ́kàn ṣí fìlà rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá Ìṣẹ́tí."

Màmá fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Ọ̀gá, olè lẹ fẹ́ dẹ́rù bà. Èmi tí mi ò jalè lẹ̀rù wá bà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì tún gbà á.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, olùkọ́ sún mọ́ wa, ojú rẹ̀ ń dán nínú gíláàsì. "Màmá, a máa fi aṣọ yìí sínú àpótí onídíńgí, ká kọ ìtàn rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀." Ó na ọwọ́.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Màmá wí, ó sì já aṣọ náà gbà.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ògiri ilé náà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà tó jẹ́ ọsibítù. Máfọwọ́kàn rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Bá a ṣe ń padà bọ̀, Màmá ní kí n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Òun fúnra rẹ̀ wọlé, ó fi àtàǹpàkò dán ìgàn mẹ́jọ wò kó tó mú ọ̀kan. Ó ra òwú aró. Nígbà tá a délé, kò bọ́ bàtà, kò mu omi, ó fọ aṣọ àtijọ́ náà, ó sá a sórí okùn ní ìta gbangba níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i. Ó wá tẹ́ aṣọ tuntun sórí tábìlì, ó mú àlùmọ́gàjí. Mo ti tẹ ọmọ mi láago, mo ti ní kó máa bọ̀.

Mo rò pé ẹyọ kan ló máa gé. Ó gé mẹ́ta.

Mo ní, "Ṣé ìbejì ni wọ́n sọ fún yín ni?"

"Ọ̀kan fún ọmọ tó ń bọ̀," ó ní, kò gbójú sókè. "Ọ̀kan fún ìyá ẹ̀, torí mo purọ́ bẹ́líìtì nígbà tí o bí i. Ọ̀kan tó kù, tìẹ ni."

Mo yíjú sí ògiri, mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan, mi ò fẹ́ kó rí i pé mo tún ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo fi ṣe àwàdà. Mo ní, "Màámi, abẹ́rẹ́ tó bàjẹ́ ńkọ́?"

Ó fi òwú aró sí ojú abẹ́rẹ́, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ.

"Ara rẹ̀ ti yá," ó ní.